Ààbọ̀ ìdọ́gba tàbí nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n? Bí ẹ ṣe lè yan ọ̀nà fún ìdọ́gba redox inú ásíìdì

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ ọmọ tó ń ṣe kẹ́mísírì ní Kubwa, ní Nyanya, ní Sabon Gari Kánò tàbí ní Zaria nígbà tí ìbéèrè redox inú ásíìdì (ìyẹn ìdọ́gba tí nǹkan kan ti ń sọ ẹ̀lẹ́ktrọ́nù nù, tí òmíràn ń gbà á) bá já lù ú. Ọ̀kan ni ààbọ̀ ìdọ́gba: ẹ pín ìdọ́gba sí méjì, ẹ tún apá kọ̀ọ̀kan ṣe lọ́tọ̀, ẹ wá so wọ́n pọ̀. Èkejì ni nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n, nọ́ńbà tó ń gòkè bí átọ̀mù bá sọ ẹ̀lẹ́ktrọ́nù nù, tó ń wálẹ̀ bó bá gbà á: ẹ wo átọ̀mù tí nọ́ńbà rẹ̀ gòkè àti èyí tí tirẹ̀ wálẹ̀, ẹ mú ìgòkè àti ìwálẹ̀ bára mu. Ẹ̀kẹta ni áljẹ́brà: ẹ fi lẹ́tà síwájú gbogbo nǹkan, ẹ ka átọ̀mù, ẹ yanjú rẹ̀ bí ìṣirò.

Tíṣà ilé ìwé á kọ́ ọmọ ní ti àkọ́kọ́, tíṣà lẹ́sìnnì á ní èkejì ló yá jù, ọmọ á wá gbé díẹ̀ lára èyí mọ́ díẹ̀ lára ìyẹn. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó rí i tó fi nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n wá ẹ̀lẹ́ktrọ́nù, tó tún fi ṣáàjì (iye + tàbí − tó wà lórí áyọ́nù) wá òmíràn kún un, tí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù kan náà wá di kíkà lẹ́ẹ̀mejì.

Èrò tiwa rèé, kí ọ̀rọ̀ má gùn. Tó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ máa mọ̀, ẹ mọ ààbọ̀ ìdọ́gba. Tí ẹ bá fẹ́ yára, ẹ fi nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n kún un, kì í ṣe láti po wọ́n pọ̀, bí kò ṣe kí ọ̀kan ṣiṣẹ́ kí èkejì yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Áljẹ́brà ní ibì kan tó ti ń tanni jẹ pátápátá, a ó sì fi ibẹ̀ hàn yín.

Ìdọ́gba kan, ọ̀nà méjì

Ẹ jẹ́ ká mú dichromate àti iron(II), torí pé ó wọ́pọ̀ nínú ìdánwò, ó sì ní pàkúté kan nínú tó máa fi ìyàtọ̀ ọ̀nà méjèèjì hàn.

Ní ọ̀nà ààbọ̀ ìdọ́gba, ẹ kọ́kọ́ mú dichromate nìkan:

Cr₂O₇²⁻ → Cr³⁺

Cr ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, kì í ṣe ọ́ksíjìn. Méjì wà lápá òsì, nítorí náà ẹ kọ 2Cr³⁺ sápá ọ̀tún. Ọ́ksíjìn 7 wà lápá òsì. Ẹ kọ omi 7 sápá ọ̀tún. Omi 7 yẹn kó háídrójìn 14 dání. Ẹ kọ 14H⁺ sápá òsì. Ìgbà yìí ló tó kan ṣáàjì. Apá òsì jẹ́ −2 + 14 = +12, apá ọ̀tún jẹ́ 2 × (+3) = +6. Ẹ̀lẹ́ktrọ́nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ −1, a sì ní láti fa +12 wálẹ̀ sí +6, nítorí náà ẹ̀lẹ́ktrọ́nù 6 lọ sápá òsì:

Cr₂O₇²⁻ + 14H⁺ + 6e⁻ → 2Cr³⁺ + 7H₂O

Ti irin kò le rárá:

Fe²⁺ → Fe³⁺ + e⁻

Èyí ń sọ ẹyọ kan nù, ìyẹn ń gba 6. Ẹ sọ ti irin di ìlọ́po 6, ẹ so méjèèjì pọ̀, kí ẹ̀lẹ́ktrọ́nù pa ara wọn rẹ́:

Cr₂O₇²⁻ + 14H⁺ + 6Fe²⁺ → 2Cr³⁺ + 6Fe³⁺ + 7H₂O

Ṣáàjì apá òsì: −2 + 14 + 12 = +24. Apá ọ̀tún: 6 + 18 = +24. Ó parí.

Ní ọ̀nà nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n, ibòmíràn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà Cr nínú dichromate, níbi tí ọ́ksíjìn kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ −2: 2x + 7(−2) = −2, x sì jẹ́ +6. Ó wálẹ̀ sí +3, ìyẹn ìwálẹ̀ 3. Cr méjì ló wà níbẹ̀, nítorí náà àpapọ̀ ìwálẹ̀ jẹ́ 6. Irin gòkè láti +2 sí +3, ìgòkè 1. Kí méjèèjì tó bára mu, irin 6 gbọ́dọ̀ wà fún dichromate 1:

Cr₂O₇²⁻ + 6Fe²⁺ → 2Cr³⁺ + 6Fe³⁺

Ẹ wá ka ṣáàjì. Òsì: −2 + 12 = +10. Ọ̀tún: 6 + 18 = +24. Òsì fi 14 dín, inú ásíìdì la sì wà, nítorí náà 14H⁺ lọ sápá òsì. Háídrójìn 14 máa di omi 7 lápá ọ̀tún. Ó tán. Ẹ wo ọ́ksíjìn: 7 lápá òsì, 7 lápá ọ̀tún.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ní ọ̀nà kejì yìí a kò fọwọ́ kan ọ́ksíjìn rárá títí a fi parí. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ̀rọ̀ kó tó dé kóòtù. Tó bá bára mu níkẹyìn, ẹ̀rí gidi ni. Ní ọ̀nà àkọ́kọ́, ọ́ksíjìn gan-an la fi rí omi, nítorí náà kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan mọ́. Ohun tí a kò lò níbẹ̀ ni nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n, òun ló sì máa jẹ́rìí: Cr méjì, ìwálẹ̀ 3 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀lẹ́ktrọ́nù 6.

| | Ààbọ̀ ìdọ́gba | Nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n |
|---|---|---|
| Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ | ohun tó wọlé àti ohun tó jáde | ìyẹn, àti òfin nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n |
| Bí ẹ ṣe ń rí iye ẹ̀lẹ́ktrọ́nù | láti inú ṣáàjì | láti inú ìgòkè àti ìwálẹ̀ |
| Bí ẹ ṣe ń rí H⁺ | láti inú háídrójìn omi | láti inú ṣáàjì |
| Ohun tó ṣẹ́ kù láti fi yẹ iṣẹ́ wò | nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n | ọ́ksíjìn |

Ìgbà tí ẹlẹ́rìí bá tako yín

Àpẹẹrẹ méjì ló máa jẹ́ kí ìlà tó kẹ́yìn nínú àtẹ yẹn yé yín.

Ká ní ọmọ kan gbàgbé láti kọ 2 síwájú Cr³⁺. Á kọ omi 7, á kọ 14H⁺, á wá ka ṣáàjì: òsì +12, ọ̀tún +3. Á kọ 9e⁻ sápá òsì. Ẹ wo bó ṣe rí: Cr₂O₇²⁻ + 14H⁺ + 9e⁻ → Cr³⁺ + 7H₂O. Ṣáàjì bára mu, +3 níhìn-ín, +3 lọ́hùn-ún. Ọ́ksíjìn àti háídrójìn náà bára mu. Tó bá jẹ́ ṣáàjì nìkan ló fi yẹ̀ ẹ́ wò, á gbà pé ó tọ̀nà, á sì lọ so ó mọ́ 9Fe²⁺. Ṣùgbọ́n tó bá béèrè lọ́wọ́ nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni yóò rí i pé Cr tó ń ti +6 bọ̀ sí +3 kò lè gba 9 láéláé.

Àpẹẹrẹ kejì wá láti ọ̀nà kejì. Permanganate àti ethanedioate, C₂O₄²⁻. Mn wálẹ̀ láti +7 sí +2, ìwálẹ̀ 5. Kábọ̀nù gòkè láti +3 sí +4, ìgòkè 1. Ọmọ gbàgbé pé kábọ̀nù méjì ló wà nínú C₂O₄²⁻, ó sì kọ 1 sí 5:

MnO₄⁻ + 5C₂O₄²⁻ → Mn²⁺ + 10CO₂

Ṣáàjì òsì jẹ́ −11, ti ọ̀tún jẹ́ +2, nítorí náà ó fẹ́ 13H⁺. Ó dé orí ọ́ksíjìn: 24 lápá òsì, 20 lápá ọ̀tún, omi 4 ló kù, omi 4 sì fẹ́ háídrójìn 8. Mẹ́tàlá kò bá mẹ́jọ mu. Àwọn kan máa ń fi ipá kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀ kó lè jọ pé ó dọ́gba. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjà láàárín ṣáàjì àti ọ́ksíjìn túmọ̀ sí pé ìpín ẹ̀lẹ́ktrọ́nù ni kò tọ̀nà, ibẹ̀ ni kí ẹ padà sí. Kábọ̀nù méjì, ìgòkè 2. Ìpín jẹ́ 2 sí 5:

2MnO₄⁻ + 5C₂O₄²⁻ + 16H⁺ → 2Mn²⁺ + 10CO₂ + 8H₂O

Ibi tí ààbọ̀ ìdọ́gba ti borí

Ó borí níbikíbi tí nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n bá ti di àríyànjiyàn. Ethanol tí a fi dichromate sọ di ethanoic acid ni ẹ kọ́kọ́ wò. Nọ́ńbà kábọ̀nù nínú ethanol jẹ́ −2 tí a bá pín in dọ́gba láàárín méjèèjì, nínú ethanoic acid ó jẹ́ 0. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ka kábọ̀nù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ á rí −3 àti −1, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dààmú lórí èyí tó tọ̀nà. Ààbọ̀ ìdọ́gba kò bèèrè èyíkéyìí nínú wọn:

C₂H₅OH + H₂O → CH₃COOH + 4H⁺ + 4e⁻

Kábọ̀nù bára mu tẹ́lẹ̀. Ọ́ksíjìn kan ló dín lápá òsì, omi kan gba ibẹ̀. Háídrójìn òsì di 8, ti ọ̀tún jẹ́ 4, nítorí náà 4H⁺. Ṣáàjì fẹ́ 4e⁻. Dichromate ń gba 6, ethanol ń sọ 4 nù. Nọ́ńbà tó kéré jù tí méjèèjì lè pín dọ́gba ni 12, nítorí náà dichromate di ìlọ́po 2, ethanol di ìlọ́po 3. Lẹ́yìn tí ẹ bá so wọ́n pọ̀, 28H⁺ wà lápá òsì, 12H⁺ wà lápá ọ̀tún. Omi 3 lápá òsì, omi 14 lápá ọ̀tún. Ẹ yọ wọ́n kúrò lára ara wọn:

2Cr₂O₇²⁻ + 3C₂H₅OH + 16H⁺ → 4Cr³⁺ + 3CH₃COOH + 11H₂O

Ọ̀pọ̀ ló ń fi 28 àti 12 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ kọ́ ni ohun tí wọ́n kọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Thiosulphate náà ń kọ́: sọ́fọ̀ (S) rẹ̀ ń ti +2 lọ sí +2.5. Ìdajì ẹ̀lẹ́ktrọ́nù kò sí lọ́jà. Ní ààbọ̀ ìdọ́gba, ìlà kan ni gbogbo rẹ̀, kò tilẹ̀ nílò H⁺: 2S₂O₃²⁻ → S₄O₆²⁻ + 2e⁻.

Èyí tó dùn jù lójú tiwa ni pyrite, FeS₂, nínú nitric acid, torí pé átọ̀mù méjì ló ń gòkè nígbà kan náà:

FeS₂ + 8H₂O → Fe³⁺ + 2SO₄²⁻ + 16H⁺ + 15e⁻

NO₃⁻ + 4H⁺ + 3e⁻ → NO + 2H₂O

Ti nítréètì di ìlọ́po 5, ẹ wá so wọ́n pọ̀, kí ẹ yọ ohun tó wà lápá méjèèjì:

FeS₂ + 5NO₃⁻ + 4H⁺ → Fe³⁺ + 2SO₄²⁻ + 5NO + 2H₂O

Ẹni tó bá fẹ́ fi nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Fe jẹ́ +2, sọ́fọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ −1. Irin gòkè 1, sọ́fọ̀ gòkè 7 lọ́nà méjì, àpapọ̀ 15. Ọmọ tí kò mọ̀, tó pe sọ́fọ̀ ní −2, tó wá tipa bẹ́ẹ̀ pe irin ní +4, á rí irin tó wálẹ̀ 1 àti sọ́fọ̀ tó gòkè 16. Mẹ́rìndínlógún yọ ọ̀kan, 15 náà ni! Kò ṣèèṣì. Níwọ̀n ìgbà tí àròpọ̀ nọ́ńbà inú FeS₂ bá ti jẹ́ 0, bó ti wù kí ẹ pín in, àpapọ̀ ìyípadà kò ní yí padà. Ẹni tó ṣubú ni ẹni tó pe irin ní +2, tó tún pe sọ́fọ̀ ní −2, torí àròpọ̀ ìyẹn jẹ́ −2. 17 ni yóò rí, kò sì sí ohun tó máa bára mu lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi tí nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n ti borí

Méjì ni. Ọ̀kan ni ìdánwò tí kò fúnni láyè. JAMB tó wà ní Bwari ń fún ọmọ ní ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì, ìṣẹ́jú àáyá 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó tó ka ìbéèrè tán gan-an ìyẹn ti ń lọ. Tí ìbéèrè bá ní kí ó mú iye H⁺ nínú ìdọ́gba iodate àti iodide, kò sídìí láti kọ ààbọ̀ ìdọ́gba méjì. Iodine inú IO₃⁻ ń ti +5 bọ̀ sí 0, ti I⁻ ń ti −1 lọ sí 0: 1 sí 5. Ṣáàjì òsì jẹ́ −6, ọ̀tún jẹ́ 0 torí I₂ ni gbogbo rẹ̀. 6H⁺. Ó ti rí ìdáhùn kí ẹlòmíràn tó fa ọfà àkọ́kọ́.

IO₃⁻ + 5I⁻ + 6H⁺ → 3I₂ + 3H₂O

Èkejì ni ìdọ́gba tí wọ́n kọ ní odindi, láìsí áyọ́nù kan níta, bíi bàbà nínú nitric acid tí a ti fi omi là:

Cu + HNO₃ → Cu(NO₃)₂ + NO + H₂O

Bàbà gòkè 2, nítrójìn wálẹ̀ láti +5 sí +2, ìwálẹ̀ 3. Bàbà 3, NO 2. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọ́sẹ̀: wọ́n á kọ 2HNO₃ síwájú, torí pé nítrójìn 2 ló wálẹ̀, wọ́n á sì há síbẹ̀. Ẹ rántí pé bàbà 3 fẹ́ NO₃ 6 tí kò yí padà rárá, tí wọ́n kàn bá a rìn. Méjì tó wálẹ̀ àti mẹ́fà tó bá a rìn, 8HNO₃:

3Cu + 8HNO₃ → 3Cu(NO₃)₂ + 2NO + 4H₂O

Ààbọ̀ ìdọ́gba á gbé yín dé ibì kan náà, ṣùgbọ́n 3Cu + 8H⁺ + 2NO₃⁻ → 3Cu²⁺ + 2NO + 4H₂O ló máa fún yín, ẹ ó wá fi NO₃⁻ 6 kún apá méjèèjì. Ìgbésẹ̀ kan ni, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ á sì gbàgbé rẹ̀.

Kò sí ọ̀nà kankan nínú gbogbo wọn tó ń sọ ohun tó máa jáde fún yín. Bí nitric acid náà bá gbóná lágbára, tí a kò fi omi là á, NO₂ aláwọ̀ búráùn ni yóò jáde, ìdọ́gba á sì di Cu + 4HNO₃ → Cu(NO₃)₂ + 2NO₂ + 2H₂O. Ẹni tó bá kọ NO síbẹ̀, bó mú un dọ́gba dáadáa, òfo ni.

Áljẹ́brà àti pàkúté hydrogen peroxide

Áljẹ́brà wu àwọn tó fẹ́ràn ìṣirò. Kò bèèrè nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n, kò bèèrè ẹ̀lẹ́ktrọ́nù. Fún dichromate àti irin, ó máa ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá gbé e lé permanganate àti hydrogen peroxide:

aMnO₄⁻ + bH₂O₂ + dH⁺ → fMn²⁺ + gO₂ + kH₂O

Mn sọ pé a = f. Ọ́ksíjìn sọ pé 4a + 2b = 2g + k. Háídrójìn sọ pé 2b + d = 2k. Ṣáàjì sọ pé d − a = 2f. Lẹ́tà 6, ìdọ́gba 4. Ẹ sọ a di 2: f di 2, d di 6, ó tán níbẹ̀. Kò sí ohun tó ń mú b dúró. Ẹ wo mẹ́ta lára ohun tó máa jáde:

2MnO₄⁻ + H₂O₂ + 6H⁺ → 2Mn²⁺ + 3O₂ + 4H₂O

2MnO₄⁻ + 3H₂O₂ + 6H⁺ → 2Mn²⁺ + 4O₂ + 6H₂O

2MnO₄⁻ + 5H₂O₂ + 6H⁺ → 2Mn²⁺ + 5O₂ + 8H₂O

Ẹ ka átọ̀mù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ka ṣáàjì, ẹ ò ní rí àléébù kankan. Èyí tó kẹ́yìn nìkan ló tọ̀nà. Permanganate méjì ń gba ẹ̀lẹ́ktrọ́nù 10. H₂O₂ kan ń sọ 2 nù bó ṣe ń di O₂:

H₂O₂ → O₂ + 2H⁺ + 2e⁻

Kí 10 tó pé, H₂O₂ 5 gbọ́dọ̀ wà. Ìdọ́gba kejì ní 3, ìyẹn ẹ̀lẹ́ktrọ́nù 6 péré. Ó ń díbọ́n pé 4 tó kù wá láti inú ọ́ksíjìn permanganate fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ inú H₂O₂ ni gbogbo O₂ tó ń tú jáde ti wá. Ẹni tó ń fi ojú wọ̀n ọ́n lásán, tó ń yí nọ́ńbà títí yóò fi dọ́gba, pàkúté kan náà ló ń dúró dè é.

Tí ẹ bá fi ìlà karùn-ún kún áljẹ́brà, pé ẹ̀lẹ́ktrọ́nù tó jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wọlé mu, 5a = 2b, ó yanjú. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n lẹ ti ń ṣe, orúkọ ló yàtọ̀. Ìdí tí a fi ní kí ẹ fi í sílẹ̀ nìyẹn.

H₂O₂ tún ní ojú méjì. Níwájú permanganate ó ń sọ ẹ̀lẹ́ktrọ́nù nù. Níwájú Fe²⁺ ó ń gbà á, ó sì ń di omi: H₂O₂ + 2H⁺ + 2e⁻ → 2H₂O. Ẹ wo ẹni tó bá pàdé kí ẹ tó fa ọfà.

Nínú láàbù

Nínú ìwé ìdáhùn WAEC àti ti NECO tó wà ní Minna, kì í ṣe ìdọ́gba fún ara rẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú prátíkà. Ìpín móòlù ni. Fún permanganate àti irin:

MnO₄⁻ + 5Fe²⁺ + 8H⁺ → Mn²⁺ + 5Fe³⁺ + 4H₂O

Ká ní KMnO₄ inú bùréètì jẹ́ 0.02 mol/dm³, tí 20.00 cm³ rẹ̀ sì bá 25.00 cm³ iron(II) mu. Permanganate jẹ́ 0.02 × 20.00 ÷ 1000 = 0.0004 móòlù. Irin jẹ́ ìlọ́po 5 ìyẹn, 0.0020 móòlù. Nínú 25.00 cm³, ó di 0.08 mol/dm³, tó bá jẹ́ FeSO₄·7H₂O ni wọ́n fi ṣe é, tí móòlù kan rẹ̀ wúwo tó 278 g, ó jẹ́ 22.24 g/dm³. Ọmọ tó bá kọ 1 sí 1 á rí 0.016, gbogbo ìdáhùn tó tẹ̀ lé e á sì máa wọ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀. Fún iṣẹ́ báyìí, nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n tó: 7 bọ̀ sí 2, 2 lọ sí 3, 1 sí 5, ìṣirò bẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú ààbọ̀ ìdọ́gba fún ìgbà tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ ọ́ jáde.

Àmọ́ 8H⁺ yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀. 0.0004 móòlù permanganate fẹ́ 0.0032 móòlù H⁺. Sulphuric acid 1 mol/dm³ tó 1.6 cm³ lè pèsè ìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní kí ẹ da bíi 20 cm³ sí i. Ìfowóṣòfò kọ́. Tí ásíìdì kò bá pọ̀ tó, Mn kò ní dé +2, +4 ló máa dúró sí:

MnO₄⁻ + 4H⁺ + 3e⁻ → MnO₂ + 2H₂O

Ẹ ó rí ìdọ̀tí búráùn nínú ìgò, permanganate kan á sì máa gba 3 dípò 5, nọ́ńbà bùréètì á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Hydrochloric acid kò ṣeé fi rọ́pò, torí pé permanganate ń sọ chloride di chlorine. Nitric acid náà kò ṣeé lò: òun fúnra rẹ̀ ń gba ẹ̀lẹ́ktrọ́nù, á máa bá permanganate du irin.

Tó bá jẹ́ ethanedioate ló wà nínú ìgò, ẹ gbé e kaná títí yóò fi tó 60 sí 70 °C kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ooru oṣù kẹrin ní Kánò, tó lè kan 40 °C, kò tó o, bó ti wù kó jó yín lára. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ máa ń lọ́ra kí àwọ̀ rẹ̀ tó pa. Mn²⁺ tó bá jáde níbẹ̀ ló ń mú kí àwọn tó kù yára, nítorí náà ẹ má ṣe kánjú tú bùréètì sílẹ̀.

Tí ìbéèrè bá sọ pé inú álíkálì

Ẹ ṣe é bíi pé inú ásíìdì ni, ẹ wá fi OH⁻ tí iye rẹ̀ bá H⁺ mu kún apá méjèèjì. H⁺ àti OH⁻ tó bá pàdé di omi, ẹ sì yọ omi tó bá pọ̀ jù kúrò. Láti inú ìdọ́gba MnO₂ tó wà lókè yìí, 4OH⁻ sí apá kọ̀ọ̀kan máa fún yín ní:

MnO₄⁻ + 2H₂O + 3e⁻ → MnO₂ + 4OH⁻

Níhìn-ín nọ́ńbà ọksidéṣọ̀n fi ìgbésẹ̀ kan yá ju ààbọ̀ ìdọ́gba lọ: lẹ́yìn tí ìgòkè àti ìwálẹ̀ bá ti bára mu, OH⁻ ni kí ẹ fi tún ṣáàjì ṣe tààrà, omi á tẹ̀ lé e, ọ́ksíjìn á sì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí H⁺ àti OH⁻ jọ wà nínú ìdọ́gba kan náà nígbà tí ẹ bá gbé bírò sílẹ̀.